Ta ló kú? Ọdún mẹ́sàn-án mi nínú áńbúláǹsì, láti Èkó dé oko kòkó Oǹdó

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a fọn sírénì wọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìyá kan tó ń yan àgbàdo létí títì ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó figbe ta: "Ta ló kú o? Ọmọ ta ni o?" Kí a tó dé ìkóríta, obìnrin mẹ́ta mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ wa. Ẹni tí a gbé sẹ́yìn kò kú. Ọmọ ọdún 19 ni, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, egungun itan rẹ̀ ló kán. Ó gbọ́ gbogbo ariwo náà láti inú ọkọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kú ni?"

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi bá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣe iṣẹ́ áńbúláǹsì ní Èkó kí n tó padà wá sílé nítorí ìyá mi tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń gun áńbúláǹsì ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní Èkó, n kò rí ẹni tó sunkún nítorí sírénì rí. Ẹni tó máa yà fún wa gan-an ò wọ́pọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó owó báǹkì ń fọn sírénì, ọkọ̀ àwọn ẹni ńlá ń fọn ọ́n, ọkọ̀ tó sì ń sá fún gò-sílóò lásán náà ń fọn ọ́n, ó ti sú àwọn onímọ́tò. Nílé níbí, Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń gbọ́ sírénì jù, nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú bọ̀ láti Èkó tàbí Àbújá fún ìsìnkú. Lójú wọn, ọkọ̀ òkú ni áńbúláǹsì. Aláìsàn mìíràn tiẹ̀ máa ń kọ̀ láti wọ̀ ọ́, á ní kí ẹ bá òun wá takisí.

Láti ọjọ́ ọmọkùnrin yẹn ni mo ti bẹ dírẹ́bà wa, bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, pé kí wọ́n máa pa sírénì tí a bá ti wọ ìgboro. Wọ́n gbà. Ní Èkó, ẹni tó bá pa sírénì á sùn sójú ọ̀nà.

Mo fẹ́ sọ ti Èkó bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í mọ ohun tí wọ́n ní. Láti ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASAMBUS, ètò áńbúláǹsì tiwọn, sílẹ̀. Wọ́n pín ọkọ̀ náà káàkiri ìpínlẹ̀, ó ní ibi tí kálukú wọn máa ń dúró sí, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ lè pe 767 tàbí 112 láìsan kọ́bọ̀, ẹnì kan á gbé e, á bi yín ní ìbéèrè, á sì rán ọkọ̀. Ó dà bí ohun kékeré. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà ṣe rí, pé níbikíbi tí èèyàn bá ti ṣubú, nọ́ńbà kan wà tó máa pè. Ìgbà tí mo délé ni mo mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n máa pè ni fóònù tèmi.

Ohun tó ń pa èèyàn ní Èkó yàtọ̀. Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọjọ́ Ẹtì ni, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, ní ìhà Ìyànà-Ìpájà. Bàbá kan tó lé ní 60 ọdún ṣubú nínú bálùwẹ̀, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún kò dìde mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ọmọ wọn obìnrin sì gbọ́n, ó ti kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún wa pé ilé onígéètì dúdú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni. Ilé onígéètì dúdú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí náà. A wá a rí. A gbé bàbá sínú ọkọ̀, mo fún wọn ní ọ́síjìn, mo wọn ṣúgà wọn, mo wọn ìfúnpá wọn, a sì lọ.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Èkejì ní kí a san owó àsansílẹ̀ ná, ọmọ bàbá sì ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ̀kẹta ló gbà wá. Oògùn tó máa ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ ní àsìkò tirẹ̀: wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni ààlà tí wọ́n máa ń fún un, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán orí aláìsàn kí wọ́n tó lò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa ya àwòrán náà, àsìkò ti lọ. Bàbá yè, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò padà. Ohun tó dùn mí ni pé àárín ilé ìwòsàn mẹ́ta tí kò jìnnà síra wọn ni wákàtí wọ̀nyẹn ti ṣòfò. Ẹnì kan ni ì bá ti bá wa pè síwájú, kó bi wọ́n pé ta ló ní àyè, ta ló ní ẹ̀rọ, kí a tó tan ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe ilé ìwòsàn fúnra mi kí a tó kúrò nílé aláìsàn. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ nọ́ńbà àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì sí. Owó káàdì fóònù mi pọ̀ lóṣù, ṣùgbọ́n ó ràn wá lọ́wọ́ ju sírénì lọ.

Inú tún bí mi débi pé mo lọ ka òfin. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé olùtọ́jú ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ìdí kankan. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin mìíràn tún wà ti ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bá bà, pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá wà ni o, kò sí ni o. Mo tẹ abala 20 yẹn sórí bébà, mo fi ọ̀rá bò ó, mo so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n tún ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, mo já a, mo gbé e fún dókítà tó jáde sí wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kà á tán, ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi ká lọ wò ó." Ó mú mi wọlé. Àwọn aláìsàn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí kátọ́ọ̀nù, méjì wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ìgò ọ́síjìn kan ni èèyàn mẹ́ta ń dúró dè. N kò tún bínú sí i mọ́. Mo ṣì gbà pé òfin náà dára, mo sì ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa fi í jẹ ẹni tó bá torí owó lé aláìsàn padà níyà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè fẹ ògiri sẹ́yìn.

Ká wá sí ilé.

Ní Oǹdó, gò-sílóò kò ṣe wá ní nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀dì máa ń wà. Ohun tí kò sí ni ìpè. Èèyàn á ṣàìsàn láàárọ̀, wọ́n á fi àgbo sí i, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n dúró de ọkọ rẹ̀, ọkọ á ti oko dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa wá owó. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni fóònù mi á dún. Ẹni tó bá sì ń pè láti káǹpù, ìyẹn abúlé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, orí òkìtì ló máa ń lọ dúró sí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fẹ́ díẹ̀. Ìpè náà lè já lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú káǹpù wọ̀nyẹn kì í sì í ṣe Yorùbá. Ìgbìrà wà níbẹ̀, àwọn ará Bẹ́núé wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìpè tó jẹ́ pé "ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀" nìkan ni ẹni náà lè sọ tí mo gbọ́.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí. Obìnrin kan bímọ nínú káǹpù, ọmọ wà láàyè, ibi ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè gba ẹ̀mí ìyá láàárín wákàtí méjì. Èmi àti Ọ̀gá gbéra. Mo ṣí àwòrán ọ̀nà lórí fóònù mi bí mo ṣe máa ń ṣe ní Èkó, ewéko tútù lásán ló fi hàn mí, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà. Ọ̀gá ní kí n pa á. Wọ́n mọ ẹni tó dá káǹpù náà sílẹ̀, wọ́n mọ ìlú tí ẹni náà ti wá, orúkọ rẹ̀ ni káǹpù ń jẹ́. Òjò ti rọ̀. A dé ibi afárá onígi kan, táyà wa rì, ọkọ̀ kò lọ síwájú mọ́, kò sì padà sẹ́yìn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n kọ áńbúláǹsì sí lára gàdàgbà, mo ní ọ́síjìn, mo ní dírípù, mo ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé-ọmọ sún kì, n kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò wọn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Nígbà náà ni a rí iná ọ̀kadà tó ń bọ̀ láàárín igi kòkó. Wọ́n gbé obìnrin náà sí àárín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀já so ó mọ́ ọlọ́kadà. Ọ̀kadà kejì tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì ló wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó gùn ún. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ló máa fún un lẹ́jẹ̀, agbẹ̀bí káǹpù ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó sílé. Ní Èkó, mo ti dúró de ẹni tó máa fúnni lẹ́jẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán rí, tí àwọn ẹbí ń ṣẹ́jú síra wọn. Àwọn wọ̀nyí gun ọ̀kadà nínú ẹrọ̀fọ̀ wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí obìnrin náà níbẹ̀, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Mo fún un ní abẹ́rẹ́, mo so dírípù, mo ń fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ títí tí mo fi rí i pé ilé-ọmọ ń le. Àwọn ọlọ́kadà bá wa ti ọkọ̀ jáde. A dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin náà wò, ti ẹnì kan bá a mu. Obìnrin náà wà láàyè.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjọba Mímíkò, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera kan fún aláboyún 25, kó máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Nígbà tí mo sọ ìtàn afárá onígi fún wọn, wọ́n na ìka mẹ́rin sókè. Wọ́n ní ohun tí àwọn kọ́ nígbà náà ni pé ibi mẹ́rin ni àkókò aláìsàn ti máa ń ṣòfò. Ti àkọ́kọ́, nílé, kí wọ́n tó pinnu pé àwọn ń lọ. Ìkejì, lójú ọ̀nà. Ìkẹta, lẹ́yìn tó ti dé ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìkẹrin, tí ilé ìwòsàn bá ní agbára àwọn kò ká a, kí wọ́n tó gbé e lọ síbòmíràn.

N kò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ìka mẹ́rin yẹn ni mo ń rò. Bàbá Ìyànà-Ìpájà, ìka kẹta àti ìkẹrin ló mú wọn. Obìnrin káǹpù, ìka kìíní àti ìkejì ló fẹ́ mú un. Irú ọkọ̀ kan náà ni mo jókòó sí nígbà méjèèjì, irú àpò oògùn kan náà ni mo gbé. Tí ìjọba bá ra irú ọkọ̀ kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán níwájú rẹ̀, Èkó yóò ṣì máa wá bẹ́ẹ̀dì, káǹpù yóò ṣì máa wá ẹni tó máa gbé ìpè.

Kódà nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, kò dọ́gba. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbé ṣubú lójú títì márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀, FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà wọn ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá já láti orí ọ̀pẹ nínú oko tó wà lẹ́yìn títì náà, fóònù tèmi ni wọ́n ń pè. Ẹ tún lọ sí ìsàlẹ̀, sí Ìlàjẹ, omi ni ọ̀nà. Mo lọ sí Ìgbókòdá fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé aláìsàn wá bá mi, ewé ojú omi ti lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́nà, wọ́n sì fi àjẹ̀ wà á dé. Táyà mẹ́rin kò wúlò níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣètò nǹkan wọ̀nyí ní Àbújá bá wọn wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ní alẹ́.

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àbújá ni mo ti pàdé nọ́ọ̀sì kan láti Gòǹbè. Ó sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn dírẹ́bà NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ èrò, ló ń gbé àwọn aláboyún tí pàjáwìrì bá ká mọ́ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn, wọ́n kọ nọ́ńbà wọn fún àwọn abúlé. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Àdámáwá pẹ̀lú, níbi tí dírẹ́bà tó bá gbé aláboyún ti máa ń gba ipò iwájú ní gáréèjì, kí ó tètè kó èrò láìtò sí ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn èyí gidigidi. Ẹni tó ronú kan ipò iwájú yẹn mọ gáréèjì, ó mọ̀ pé àkókò ni owó dírẹ́bà. Kò ra ọkọ̀ tuntun kankan.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀ o. Òfin 2014 yẹn kan náà ló dá owó ìtọ́jú ìlera alábọ́dé sílẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ètò NEMSAS lé, tó yẹ kó so áńbúláǹsì gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀. Èrò rere ni, mo sì ń gbàdúrà kó dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe wà nínú ìwé. Ohun tí èmi fojú rí ni oṣù tó tẹ̀ lé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan di nǹkan bí ₦500. Owó epo tí wọ́n ń fún ọkọ̀ wa kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni áńbúláǹsì wa fi dúró sábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí aláìsàn ló ń ra epo sínú jálá wá.

Ìgbà náà ni èmi àti Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti káǹpù dé káǹpù, lórí ọ̀kadà. A kọ orúkọ àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé níbẹ̀, a kọ nọ́ńbà wọn. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbé ẹni tó dákú kí ó má baà gbé èébì mì, bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ láìṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹni tó bá ṣubú láti orí igi, kí wọ́n má fi ọ̀kadà gbé e, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, kí wọ́n pè mí. Káǹpù kọ̀ọ̀kan yan ibi tí a ti máa pàdé létí títì ọlọ́dà. Àwọn agbẹ̀bí kọ orúkọ àwọn tó lè fúnni lẹ́jẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ wọn, mo sì lẹ àwọn nọ́ńbà náà mọ́ ara ọkọ̀ wa, bí mo ṣe so abala 20 mọ́ ara ọkọ̀ ti Èkó nígbà náà.

Ní oṣù tó kọjá, fóònù mi dún ní agogo méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn ọlọ́kadà kan ni. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ẹ̀ ní wọlé wá o, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ dúró síbi ìrókò. Mo ti gbé wọn." Mo pe ilé ìwòsàn, mo sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn. Ọ̀gá wa ọkọ̀ dé ìdí ìrókò, wọ́n pa sírénì, wọ́n fi iná iwájú sílẹ̀ kí wọ́n lè rí wa láti òkèèrè. A dúró. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró wọn nínú òkùnkùn. Ọ̀kadà méjì ni. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.